Oṣù mẹ́rin kò tíì tó: fún ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n tún fáàfù ọkọ rẹ (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn) ṣe, ojú ọgbẹ́ ti jinná, síbẹ̀ bó bá ti di ọ̀sán, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ń sunkún láìsí ẹni tó bá a jà. Echo, àwòrán ọkàn tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, sì ní EF rẹ̀, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn tó ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, ti já láti 60 sí 48. O béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Aláró ni mí, ní Òṣogbo níbí. Ó di ọdún méje tí wọ́n tún fáàfù mitral mi, èyí tó wà lápá òsì ọkàn, ṣe ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi òrùka dè é kó má baà jò mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun tó máa ń dùn mí ní kékeré, tí wọn ò tọ́jú tán, ni dókítà ní ó yọrí sí ibà kan tí wọ́n ń pè ní rheumatic fever, tó ba fáàfù náà jẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé egungun àyà tí wọ́n là, tí wọ́n fi wáyà so, á so pọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, mo sì ń ka ọjọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe pé, mo gbà pé ara mi ti yá. Lọ́sẹ̀ kẹwàá, mo gbé korobá omi aró kan ṣoṣo. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí fún wákàtí kan gbáko kí n tó lè dìde. Ọgbẹ́ ti jinná, ọkàn ò tíì múra tán.

Ní ti EF, 62 ni mo gbé wọ tíátà, 47 ni wọ́n bá lára mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sunkún dé ilé. Dókítà ló wá yà á sórí bébà fún mi. Nígbà tí fáàfù ń jò, gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀, apá kan ń padà sẹ́yìn sápá ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yìn yẹn rọrùn láti ti ẹ̀jẹ̀ sí, echo sì ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí tó lọ sára àti èyí tó padà. Nítorí náà, 60 tí ẹ ń rí tẹ́lẹ̀ ń tàn yín jẹ díẹ̀. Nísinsìnyí tí ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí, iwájú nìkan ni ẹ̀jẹ̀ lè gbà, ọkàn tó ti fẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń súnkì. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ìyẹn máa ń gbà, ti ẹlòmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi di 51 ní oṣù kẹfà, ó di 57 nígbà tó pé ọdún. Mi ò lè ṣèlérí iye kan náà fún yín, torí àwọn kan wà tí ọkàn wọn ti fẹ̀ jù kí wọ́n tó ṣe é, tí kì í padà tán. Ẹ bi dókítà léèrè: ṣé fáàfù náà ṣì ń jò? Ṣé ọkàn ń kéré sí i? Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì yẹn ju 48 lọ.

Ẹkún yẹn, jọ̀ọ́, má bínú sí i. Ó wọ́pọ̀ lára àwa tí wọ́n ṣe ọkàn fún. Ọkọ mi rò pé aláìmoore ni mí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, mo jókòó nílé, mò ń gbọ́ ìlù lókèèrè, omijé ń dà. Ìrìn ló gbà mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Lóṣù kẹfà, mo rìn láti Òkè-Fìà dé Ọlá-Ìyá láìdúró.

Bó bá ṣì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ má gba àgbo láyè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ọ̀kan wá fún mi, tìfẹ́tìfẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo mu ún, INR mi, òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tó yẹ kó wà láàrin 2 sí 3 di 5.6, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì mi. Ẹ má fún un ní ibuprofen, oògùn ìrora, pẹ̀lú. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́, àmọ́ kí iye tó ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí má jìnnà sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí eyín bá ń dùn ún, kó sọ fún dókítà eyín pé wọ́n ti tún fáàfù òun ṣe, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Èmi ṣì ń gba abẹ́rẹ́ penicillin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí ibà ìgbà kékeré yẹn má baà padà. Bó bá jẹ́ irú ibà kan náà ló ba tirẹ̀ jẹ́, kó má pa tirẹ̀ jẹ.

Ẹ ra ìwọ̀n sílé. Kó máa gùn ún láràárọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ wú, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tí ibà ń ṣe é, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. O ní káfíńtà ni. Kó máa wọn igi, kó máa ran ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ pákó ńlá, kó fi sílẹ̀ títí dókítà fi máa gbà á láyè.

Bí ẹ bá ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa fáàfù náà, jọ̀ọ́, sọ fún mi.