Nọ́ńbà ìrora tí ẹ bá sọ fún dókítà, ẹ̀rí ni

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Alfa wa. Aṣọ òfì ni mò ń hun níbí ní Ìlọrin, ọdún kọkànlá sì rèé tí èmi àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a bọ̀. Lóru, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á máa jó mi bí ẹni tó dúró lórí ẹyin iná. Tó bá di ọ̀sán, mi ò kì í mọ̀ bóyá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí ìtẹsẹ̀ òfì. Dókítà ní kí n wá wọ inú ìwádìí oògùn tuntun kan fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kèké làwọn máa fi pín wa: àwọn kan á gba oògùn gidi, àwọn kan á gba èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, èmi àti dókítà ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá gbà á ti fi ara rẹ̀ ṣòfò, àti pé ẹ̀sìn wa ò fàyè gba kèké. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàlámù, bàbá wa. Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà, kó sì fi ìrora yìí pa ẹ̀ṣẹ̀ yín rẹ́.

Ẹ lè wọ̀ ọ́. Àwọn kan bi Ànábì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n máa wá a, nítorí Ọlọ́hun ò sọ àrùn kan kalẹ̀ láì sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Abu Dawud ló gbà á wá. Oògùn tí Ọlọ́hun sì sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan ló máa wá a kàn. Àmọ́ kì í ṣe dandan fún yín. Nínú hàdíìsì Bukhari, obìnrin kan tí wárápá ń dà láàmú bẹ Ànábì pé kó ṣàdúà fún òun. Ó ní tó bá ṣe sùúrù, Àlùjánnà ni tirẹ̀, obìnrin náà sì mú sùúrù. Tí ọkàn yín bá kọ̀ ọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bínú sí yín nítorí rẹ̀, títí kan dókítà.

Ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe lásán. Ọlọ́hun sọ nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 195, pé ká má fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. A ò sì tíì gbàgbé Kano ní 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé tó ní àrùn yírùnyírùn, tí àwọn òbí sì sọ lẹ́yìn náà pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Lónìí, òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti ewu rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fi yín ṣe ìwádìí kankan. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní Yorùbá, kí ọmọ yín kan jókòó tì yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ọsibítù náà ti fọwọ́ sí i, bóyá NAFDAC mọ̀ sí oògùn náà, bóyá ẹ ó máa lo oògùn ṣúgà yín lọ, àti ohun tí wọ́n máa fún yín tí ìrora bá le ju ara lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù yín. Tí ẹnu wọn bá ń wọ́ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ dìde.

Ní ti kèké, èyí tí Ọlọ́hun kọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń wádìí ohun ìkọ̀kọ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kèké láàrin àwọn ìyàwó rẹ̀ tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí ó lè mọ ẹni tí yóò bá a lọ. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn: kí dókítà má baà fi oògùn gidi fún ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe é jù. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fúyẹ́ kìkì pé wọ́n gbé nǹkan mì. Tí kò bá sí àwọn tó gba òfìfo, kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún yín ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Wọ́n á máa bi yín léraléra pé, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Mo tẹ̀lé bàbá kan nínú jámáà wa lọ síbi irú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó gbé àga fún un, ó wá bi í. Bàbá ní, "Mẹ́ta, ọmọ mi, ẹ ṣé o." Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tá a wọ̀ bọ̀, ó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, òógùn bò ó. Mo ní, "Bàbá, ṣé mẹ́ta lèyí?" Ó ní, "Mẹ́sàn-án ni. Ọmọ yẹn mọ ènìyàn kí, mi ò fẹ́ bà á nínú jẹ́."

Ọmọlúàbí ló ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló fi pamọ́, Ọlọ́hun sì ní ká má fi ẹ̀rí pamọ́. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi pinnu bóyá kí wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn náà. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ pè é ní mẹ́sàn-án. Tó bá sì dín kù lóòótọ́, ẹ má fi kún un nítorí kí wọ́n má baà lé yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo tó wà nínú ìgò lẹ́yìn ilẹ̀kùn: tí ẹ bá mu ún, ẹ sọ. Tí ẹ bá gbàgbé láti lo oògùn lọ́jọ́ méjì, ẹ sọ. Àmánà ni, ẹ ti gbà á lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé.

Owó ọkọ̀ tí wọ́n bá fún yín, hàláálì ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà ò ba ààwẹ̀ jẹ́, wọ́n fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára Ànábì nígbà tó wà nínú ààwẹ̀. Oògùn tí ẹ bá gbé mì ló máa bà á jẹ́, nítorí náà tí Ràmàdáánì bá bọ́ sí i, kí dókítà sọ bóyá ẹ lè máa lò ó ní sààrì àti ìṣínu. Tó bá ní ààwẹ̀ máa pa yín lára, ààyè wà fún aláìsàn. Ẹ sì bi wọ́n bóyá awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe èèpo kápúsù náà.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò bi mí. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìtẹsẹ̀ òfì mọ́ ò lè mọ omi gbígbóná. Nígbà ọyẹ́, kí ìyàwó yín ki ọwọ́ bọ omi àlùwàlá kí ẹ tó bu ú sẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣan ẹsẹ̀ tán, ẹ gbé e sókè, kí ó bá yín wo àtẹ́lẹsẹ̀ dáadáa, kí ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Ọgbẹ́ tí kò dunni ló ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀ ṣúgà. Tí ìdúró bá sì nira, ẹ jókòó kírun, bí Ànábì ṣe sọ fún sàábé rẹ̀, Imran ọmọ Husayn, nígbà tí ara rẹ̀ ò yá.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.