Kí o tó ra Chevelle yẹn, sọ fún ìyàwó rẹ

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó jókòó láti dá ọ lóhùn. O ní ẹni ọdún 34 ni ọ́, Dallas lò ń gbé, o ní ìyàwó àti ọmọ méjì, láti kékeré ni ọ̀rọ̀ muscle car, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì wọn lágbára gan-an, sì ti wà lẹ́mìí rẹ. O ti wá rí Chevelle ọdún 1970 kan tí ẹni tó ń tà á pè ní SS 454 (SS ni èyí tí Chevrolet ṣe fún eré, 454 ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀), o ti tu owó jọ, o sì ń bi wá pé ṣé kí o kọ́kọ́ rà á ná, kí ìyàwó rẹ wá rí i nígbà tó bá ti wọ gáréèjì. Rárá o. Ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn gan-an ni mo ṣe, ọdún mẹ́ta ló sì gbà kí ilé mi tó tún tòrò.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ní 1971, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan ń gbé ládùúgbò wa ní Bódìjà, Pontiac GTO ló sì ń wà. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú ọkọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá òsì títì náà ni gbogbo wa ṣì ń gbà ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba tó yí wa sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, tí ọkùnrin yìí bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀, kì í rí iwájú. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń yọ orí síta lójú fèrèsé, tó bá rí i pé ọ̀nà mọ́, á ju ọwọ́. Ìgbà náà la ó wá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn. Kì í ṣe etí la fi ń gbọ́ ọ, àyà ni. Àwọn ọmọ yòókù á sá, èmi á dúró títí eruku á fi bò mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, GTO ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe èyí kà sí àkọ́bí muscle car. 1964 ni wọ́n gbé e jáde. General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ni Pontiac, ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ́ńjìnnì tí ìwọ̀n inú rẹ̀ ju 330 cubic inch lọ sínú àwọn ọkọ̀ wọn tí kò tóbi tí kò kéré. John DeLorean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pontiac wá gba ẹ̀yìn yọ sí i: wọn ò pè é ní ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní ohun àfikún lásán ni fún ẹni tó bá ra Tempest LeMans, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì 389 sí i nínú. Agbára ńlá nínú ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè fi owó oṣù rẹ̀ rà. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ṣe rọ́ tẹ̀ lé wọn nìyẹn, títí owó adójútòfò fi gòkè, tí òfin èéfín dé, tí epo sì wọ́n ní 1973. Àsìkò náà ò gùn tó ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn ni àwọn ọkọ̀ yẹn fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

Mo dé Houston ní 1985. Ọ̀sán ni mo fi ń lọ ilé ẹ̀kọ́, òru ni mo fi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ní 1991 ni mo rí tèmi: GTO 1968, aláwọ̀ ewé tí Pontiac ń pè ní Verdoro Green, tó ti jókòó sábẹ́ igi fún ọdún mẹ́jọ, tí ewé gbígbẹ kún orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fọ́fọ́. Màmá arúgbó kan ló ni ín, 2,800 dọ́là ló gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fẹ́yàwó nígbà náà, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì 400, agbára ẹṣin 350 gẹ́gẹ́ bí Pontiac ṣe kọ ọ́, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kábúrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ náwó lé lórí, mo fi bíréèkì sílẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò yẹ kó kọ́ eré sísá.

Eré lójú títì ń kọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é. 1999 ni, lálẹ́, ọmọkùnrin kan nínú Mustang dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi iná pupa, ó tẹ tiẹ̀, èmi náà tẹ tèmi. Bí iná ṣe yí báyìí, a gbéra. Mo fi í sẹ́yìn. Nígbà tí mo gbójú sókè wo dígí, ohun tí mo rí ni àga ọmọ tí a so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn rẹ̀ ń jù, ìgò mílíìkì sì ń yí gbirigbiri nílẹ̀ ọkọ̀. Ọmọ ò sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè yọ kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ yẹn, pápá eré nìkan ni mo ti ń sáré.

Ó wá kan 2007, èyí tí mo torí rẹ̀ ń kọ̀wé sí ọ. Mo gbé ẹ́ńjìnnì lọ fún àtúnṣe, 6,400 dọ́là, mi ò sì sọ fún ìyàwó mi. Mo ní iṣẹ́ àfikún tí mò ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ ni mò ń kó síbẹ̀, mo sì ń sọ nílé pé iṣẹ́ ò lọ dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó máa rọra kùn jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú ilé ọ̀rẹ́ mi fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí ó pa á nìyẹn. Camshaft àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí, irin gígùn tó ń ṣí fáàfù tó sì ń tì í, bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ̀ẹ̀kan náà tí o bá ti tan án ni o gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí 2,000 sí 2,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí o sì dá a dúró síbẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì lè máa fọ́n sí i lára, kí irin àti irin lè mọwọ́ ara wọn. Ọ́ìlì tí mo lò náà ò bójú mu: ọ́ìlì òde òní fún mọ́tò tuntun ni, zinc inú rẹ̀, tó ń dáàbò bo irin, kò tó fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà ò bèèrè.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ lápá òsì. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo fi ìka nu ún, mo gbé e sí oòrùn. Ó ń tàn yinrinyinrin lórí ìka mi bí léèsì ìnáwó. Irin ni. Camshaft ti jẹ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun irin sì ti bá ọ́ìlì rin gbogbo inú ẹ́ńjìnnì ká. 6,400 dọ́là, ọjọ́ mẹ́rin.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá owó tí màá fi tún un ṣe láìjẹ́ kí ilé mọ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó mi ń wá ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àbíkẹ́yìn wa nínú dúrọ́ọ̀, ó bá àwọn rìsíìtì. Mo wọlé, mo bá a ní kíṣìnnì, ó ti tẹ́ wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi iyọ̀ lé wọn kí fáànù má bàa fẹ́ wọn lọ. Kò pariwo. Ó ní, "Dádì, owó kọ́ ló dùn mí. Oṣù mẹ́jọ lẹ fi ń wọlé wá bá mi, tí ẹ̀ ń parọ́ kí ẹ tó bọ́ bàtà." Àbúrò, mi ò ní èsì. Mo da tapólì bo ọkọ̀ náà, ọdún mẹ́ta ló sì fi wà níbẹ̀. A ń jẹun, a ń sùn, a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí ti yí padà. Nígbàkúùgbà tí mo bá ní mò ń bọ̀ láago méje, á wo aago.

Òun ló tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2010. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yìí gan-an?" Mo wá rí i pé láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò tíì sọ ìtàn Bódìjà yẹn fún un rí. Mo sọ ọ́ fún un tán, òyìnbó náà, eruku, ìyàwó tó ń yọ orí síta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó yẹn ló ń wakọ̀ nígbà náà." Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ṣe àdéhùn tó wà títí dòní: àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì, orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí rẹ̀, 300 dọ́là ló ń wọlé síbẹ̀ lóṣù, lẹ́yìn tí a bá ti san owó ilé, owó ilé ìwé, àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí màmá mi. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbòmíràn.

Ní Baytown, lẹ́bàá Houston, ni a ti ń sáré nígbà náà. Ìdámẹ́rin máìlì ni, bíi mítà 402. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá mi lọ, ó gbé ìrẹsì àti dòdò dání, ó jókòó sórí àga, ó yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ń kọ gbogbo ohun tó rí: aago, ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, eré mi. Àkọ́sá mi lọ́jọ́ náà jẹ́ 15.21 sẹ́kọ́ńdì. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi nǹkan dá ọwọ́ dúró ni. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ìwé yẹn ni yóò máa bá mi borí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí o bèèrè bóyá ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ lè bá wọn sáré. Ó lè ṣe é dáadáa, tó bá jẹ́ bracket racing. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ rẹ máa lò sára dígí. Bí o bá kọ 14.50, tí ẹni kejì kọ 12.00, wọ́n á jẹ́ kí o fi 2.50 ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí, àfi tó bá sáré ju iye tó kọ lọ, ó ti pàdánù nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yára jù ló ń mú owó lọ, ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ jù ni. Ooru àti ọ̀rinrin Houston máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wúwo. Ọkọ̀ tó sá 13.60 nírọ̀lẹ́ oṣù kejì kò ní sá a ní ọ̀sán oṣù kẹjọ. Ìyàwó mi á ṣí ìwé rẹ̀, á wá ọjọ́ tó jọ ọjọ́ òní, á ní, "Ẹ kọ 13.84." Èmi á kọ ọ́. (Bí o bá ti wọ 13.99 wá sísàlẹ̀, o gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Ra ojúlówó.)

Nígbà tó fi máa di 2014, a ti ní ọkọ̀ mẹ́ta, èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù nínú wọn ni Plymouth Road Runner 1969, nítorí fèrè rẹ̀ tó ń dún bí ẹyẹ inú eré àwòrán yẹn. 50,000 dọ́là ni Plymouth san fún Warner Bros. láti lo orúkọ àti àwòrán ẹyẹ náà. Ọmọbìnrin mi àgbà gba láíísẹ́ǹsì ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ Road Runner, èmi wọ GTO, wọ́n sì pín wa pọ̀ ní ìpele kejì. Níbi tí a ti ń gbéra, iná òféèfèé mẹ́ta ló máa ń tàn tẹ̀léra wọn, ìdajì sẹ́kọ́ńdì láàárín wọn, kí iná aláwọ̀ ewé tó tàn. Bí o bá dúró de ewé, o ti pẹ́. Ìkẹta ni o fi ń gbéra. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló lọ́ra jù. Mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ mi tó ń lọ, sùúrù tán lára mi, mo gbéra ṣáájú iná mi pẹ̀lú ìdá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì kan. Iná pupa tàn, mo ti pàdánù nìyẹn. Bó ṣe dé òpin, ó fọn fèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún nínú àṣíborí.

Ní 2016 a ta Road Runner náà, ó di owó yunifásítì rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn nílé, èmi náà ò bá ẹnì kankan jiyàn. Wọ́n ti pápá Baytown pa ní 2023, Ennis la wá ń lọ báyìí, tòsí yín níbẹ̀ yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ Chevelle rẹ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ kò lè sọ fún ọ pé SS ni. GTO láti 1966 sí 1971, 242 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n Chevelle 1970, bí o bá rí 13637, Malibu V8 onílẹ̀kùn méjì nìyẹn, yálà SS tàbí èyí tí wọ́n kàn lẹ àmì SS mọ́ lára lánàá. Bèèrè build sheet, ìwé ilé-iṣẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń wà lórí táǹkì epo tàbí nínú irin ìjókòó. Wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún: CRV tàbí CRR ni LS6, ẹ́ńjìnnì 454 tó lágbára jù, agbára ẹṣin 450. Mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, fi aṣọ wé e, fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, amọ̀ páńẹ́lì bítà ló wà níbẹ̀. Dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, wo etí dígí ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí.

Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ kí o ya fọ́tò àwọn nọ́ńbà yẹn, fi wọ́n síbí, màá bá ọ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ni kó kọ́kọ́ rí wọn. Sọ fún un ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ta ni, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà.