Pósítà eré Chekhov: ẹ̀rín la máa kọ ni, àbí ẹkún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹgbẹ́ òṣèré ọ̀dọ́ kan ni mò ń darí, a sì fẹ́ gbé The Cherry Orchard (Ọgbà Igi Ṣẹ́rì) ti Anton Chekhov ará Rọ́ṣíà lọ sórí ìtàgé. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ pè é ní eré apanilẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á pọ̀ tán, ńṣe ni ọmọbìnrin tó máa ṣe Varya, ọmọ tí ìyá onílé inú eré náà gbà tọ́, ń nu omijé. Kí ni ká kọ sára pósítà? Ṣé kí n ní kí àwọn ọmọ máa wá ẹ̀rín ni, àbí kí wọ́n fajú ro?

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Àríyànjiyàn yín yìí ti wà láàárín Chekhov àti àwọn tó kọ́kọ́ ṣe eré náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1903 tí Konstantin Stanislavski, olùdarí eré, kà á tán, ó kọ lẹ́tà sí i pé òun sunkún, pé eré ìbànújẹ́ ni, ohun yòówù tí òǹkọ̀wé ìbáà pè é. Bó ṣe darí rẹ̀ nìyẹn nígbà tí Moscow Art Theatre gbé e jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1904. Inú Chekhov kò dùn rárá. Ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, Olga Knipper, tó ń ṣe Ranevskaya, ìyá onílé náà, ó ní kí ló dé tí wọn ò yéé pe eré òun ní dírámà lára pósítà àti nínú ìwé ìròyìn. Ó tún ní apá kẹrin tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 12 lọ, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún náà ló kú.

Ẹ̀yìn Chekhov ni mo wà, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 12 yẹn. Bí òṣèré bá ti ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ kí àánú lè ṣe òǹwòran, ẹ̀rín inú rẹ̀ á kú, ẹkún náà kò sì ní í wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Ẹ wo apá kẹta. Gbèsè ti wọ ìdílé Ranevskaya lọ́rùn, wọ́n sì ti lu ilẹ̀ wọn ní gbàǹjo ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Ìdílé ń retí ìròyìn. Varya bínú sí akọ̀wé ilé, ó gbá igi mú, ó fi í lu ẹni tó ń wọlé bọ̀. Kò mọ̀ pé Lopakhin ni. Lopakhin yìí, oníṣòwò ni, ẹrú ni bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ilé ìdáná pàápàá. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 90,000 rúbù lé gbèsè náà kó tó ra gbogbo rẹ̀. Olówó ilé ló wọlé, igi ni Varya fi pàdé rẹ̀! Òǹwòran á rẹ́rìn-ín. Ká tó wí ká tó fọ̀, Lopakhin ti sọ pé òun lòun rà á, Varya sì tú kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò ní ìbàdí, ó jù ú sílẹ̀ láàárín yàrá, ó jáde. Ọwọ́ tó gbé igi náà ló ju kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Níbí, ẹ̀rín ló ń di ẹkún kí ẹnu tó padé.

Ti ọmọbìnrin yín tó ń sunkún wá ńkọ́? Nínú apá kẹrin, Lopakhin ti ṣèlérí pé òun máa sọ fún Varya pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Varya ń tú ẹrù bí ẹni ń wá nǹkan. Lopakhin ní òtútù mú lónìí, ó ti tó ìwọ̀n 3 sísàlẹ̀ òdo. Varya ní òun ò wò ó, pé ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù nílé ti fọ́. Ẹnì kan ké pe Lopakhin láti ìta, ó sì sáré jáde bí ẹni tó ti ń retí ìpè náà tipẹ́. Varya jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé dìí aṣọ. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó má rò ó pé ìran ẹkún ni. Kó kàn máa wá nǹkan nínú ẹrù náà ní tòótọ́.

Ní ti pósítà, bí ẹ bá kọ "ìbànújẹ́" sí i, ojú á máa ti òǹwòran láti rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá kọ "àwàdà", wọ́n á máa retí ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ "eré orí ìtàgé ní apá mẹ́rin", kí ẹ wá fi orúkọ tí Chekhov pè é sínú ìwé pélébé tí ẹ máa pín lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òun nìkan ni orúkọ máa ń dà láàmú. Plautus ará Róòmù ti ní kí Mercury, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà Róòmù, sọ fún òǹwòran nínú eré rẹ̀ Amphitruo pé òun máa po ẹ̀rín àti ìbànújẹ́ pọ̀, torí ọlọ́run àti ẹrú jọ wà nínú eré kan náà. Measure for Measure ti Shakespeare wà láàárín àwọn eré apanilẹ́rìn-ín nínú ìwé àkójọ eré rẹ̀ ti ọdún 1623, síbẹ̀ nígbà tí Duke tó ń ṣàkóso Vienna ní òun fẹ́ fi ọmọbìnrin kan, Isabella, ṣe aya, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ fún un láti fi dáhùn.

Ìparí ni kí ẹ ṣọ́ jù. Wọ́n ti ti ilé, wọ́n gbàgbé Firs, ìránṣẹ́ ẹni ọdún 87, sínú rẹ̀. Ó di ìlẹ̀kùn mú, kò ṣí. Ohun tó sì ń ká a lára ni pé ọ̀gá òun kò wọ ẹ̀wù onírun jáde nínú òtútù yìí. Àwọn kan máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ó dùbúlẹ̀, ìró okùn tó já, lẹ́yìn náà àáké lára igi ọgbà ṣẹ́rì tí wọ́n ti ń gé. Ẹ má fi orin kankan sí i.