Ta Ni Yóò San Owó Ẹrù Tó Fọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn máa ń bá àwọn tó ń kó lọ sílé mìíràn gbé ẹrù, a sì ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Lóṣù tó kọjá, okùn já ní Mọ́kọ́lá, fìríìjì oníbàárà sì ré bọ́ láti orí ọkọ̀. Ṣé adójútòfò tí mo san lórí ọkọ̀ kò ní san án ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò ní san án, ẹ̀yin ni ẹ ó bá oníbàárà yín sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Adójútòfò ọkọ̀ tí òfin sọ di dandan wà fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe tàbí tí ó bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ lójú pópó. Ẹrù tí ẹ gbé kò sí nínú rẹ̀. Adójútòfò ẹrù tó wà lójú ọ̀nà ni ẹ nílò, kí ẹ sì béèrè bóyá ó kan ìgbà tí àwọn ọmọṣẹ́ bá ń gbé dígí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti sábà máa ń fọ́.

Ní ti ilé ìkẹ́rùsí, ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pé ẹrù àwọn oníbàárà tó wà níkàáwọ́ yín wà lábẹ́ ààbò iná, olè àti omíyalé. Ẹni tó bá rántí bí odò Ògùnpa ṣe ya wọ ilé ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 kò ní fojú kékeré wo omíyalé. Ẹ má sì dín iye owó ẹrù kù: bí ẹrù mílíọ̀nù 10 náírà bá di mílíọ̀nù 5 nínú ìwé, ìdajì òfò ni wọ́n lè san.