Ẹyin Iná Tí Kò Rú Èéfín: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Nípa Ìsinmi Inú Ọkọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ Lásìkò Òtútù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Birmingham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. A fẹ́ yá ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà ìsinmi ilé-ìwé ti oṣù Kejì, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti ìgbà ooru. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn yóò bá wa lọ. Òtútù ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnìkan nínú ìjọ wa ní kí a gbé àdògán èédú dání, kí a máa gbé e wọ inú ọkọ̀ lálẹ́ nígbà tí kò bá rú èéfín mọ́, kí a ṣí fèrèsé kan díẹ̀, kí Màmá sì lá epo pupa kí wọ́n tó sùn, kí afẹ́fẹ́ iná má baà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn kì í sì í ti àwọn kánáàlì pa lásìkò òtútù?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Ẹ má gbé àdògán èédú wọ inú ọkọ̀ náà. Ẹ má gbé e wọlé lálẹ́, ẹ má gbé e wọlé lọ́sàn-án, ìbáà máa rú èéfín, ìbáà má rú èéfín, ìbáà jẹ́ fèrèsé kan ló ṣí tàbí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù ìwé yìí, èyí nìkan ti tó.

Ẹ̀rọ àti sítóòfù ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń tún ṣe, ó sì ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin tí irú ìbéèrè yìí dé ọ̀dọ̀ mi láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀: ti èédú, ti sítóòfù gáàsì tí wọ́n fẹ́ tàn sílẹ̀ di òwúrọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ gbé sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn tí ń fún yín ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò mọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń dùn mí púpọ̀, nítorí pé àwọn ọmọdé ni ó máa ń sùn nínú yàrá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù òtútù kúrò lọ́kàn yín. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ibi tútù. Irin ni ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan tí ń dá òtútù dúró tẹ́ inú rẹ̀, fífẹ̀ inú rẹ̀ kò sì tó mítà méjì, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gba inú àwọn lọ́ọ̀kì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Lọ́ọ̀kì yìí ni yàrá omi tí ó ní ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀, tí a fi ń gbé ọkọ̀ gun òkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sítóòfù kan ṣoṣo tí ó ní ọ̀pá èéfín tó yọ sókè òrùlé lè mú ibi tí kò fẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbóná títí ẹ ó fi bọ́ súwẹ́tà yín kúrò lọ́rùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi irú ọkọ̀ yìí ṣe ilé ní orílẹ̀-èdè yìí láti January dé December. Bí ọkọ̀ tí ẹ yá kò bá gbóná, nǹkan kan ti bàjẹ́ lára ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ló sì yẹ kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tí ń ta èédú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èéfín. Gbogbo àṣìṣe yìí dúró lórí ohun kan: a gbà pé èéfín ni ó ń pa ènìyàn, nítorí náà bí èéfín bá ti tán, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èéfín tí ẹ ń rí, tí ń ta yín lójú, tí ń mú yín wúkọ́, máa ń lé yín jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí ń pani ni afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn, kò sì ń ta ojú. Ibi tí iná kò bá ti rí afẹ́fẹ́ tó láti jó dáadáa ni ó ti ń jáde, èédú tí ó ti di ẹyin iná pupa, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò rú èéfín kankan, sì ń tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Àsìkò tí ẹni yẹn ní kí ẹ gbé àdògán wọlé gan-an ni ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikú wọlé fún yín. Kódà nígbà tí ẹyin iná bá ti fi eérú bora, tí ọwọ́ yín sì lè súnmọ́ ọn, ó lè máa tú u jáde lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Bí ènìyàn bá ti mí i símú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ru ọ́síjìn káàkiri ara, ìyẹn hẹmoglóbìn. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ń lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn yìí ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Díẹ̀ lára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti gba àyè ọ́síjìn, nígbà tí ẹni náà ṣì ń mí geere tí ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò fi lè gbà yín. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ibẹ̀ wọlé pọ̀ tó, bí òtútù bá sì ti wọlé ní agogo méjì òru, ẹnìkan á dìde, á sì tì í.

Mo mọ̀ pé Màmá lè sọ pé nígbà ọyẹ́, àwọn a máa gbé ẹyin iná sínú ilé láti yá, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa irú ilé yẹn. Ilé tí wọ́n fi koríko bò ń mí. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ògiri àti òrùlé kọjá tọ̀sán-tòru. Nígbà tí a wá kọ́ ilé bíríkì tí ó ní síìlì àti fèrèsé gíláàsì, ṣebí gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn kò sì jí mọ́. Inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kéré ju yàrá àti pálọ̀ lọ, ó sì dí ju wọ́n lọ.

Epo pupa ńkọ́? Kò wúlò fún èyí rárá, ó sì lè ṣe ìpalára. Ẹ̀dọ̀fóró ni afẹ́fẹ́ yìí gbà wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, epo sì ń lọ sí ikùn. Kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti lè pàdé. Bí ẹ bá wá da epo tàbí wàrà sí ẹnu ẹni tí ó ti ń dákú, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì pa á kí ọkọ̀ àwọn onítọ̀ọ́jú pàjáwìrì tó dé. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń fún ènìyàn ní èyí tí ó tó. Bí ẹni náà bá kàn ń mí afẹ́fẹ́ ìta lásán, ó lè gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ọ́síjìn gidi a máa dín in kù sí nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, ohun tí wọ́n kọ́ àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo ń sọ, ọ̀rọ̀ oníṣègùn ló sì borí tèmi.

Orí fífọ́, èébì, òòyì àti kí ara máa rẹni ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é. Ó jọ ibà tàbí fúlúù, ṣùgbọ́n ara kì í gbóná. Mo bá ìdílé kan pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo wọn, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, jókòó sí etí omi tí wọ́n di orí mú, tí wọ́n ń sọ pé ẹran tí wọ́n sun lálẹ́ àná ni ó bàjẹ́. Ẹran kò ṣe nǹkan kan. Irin tí wọ́n fi sun ẹran náà, pẹ̀lú ẹyin iná inú rẹ̀, ni wọ́n gbé wọlé kí òjò má baà pa á. Aago tí ń kìlọ̀ bí kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì bá ti wà nínú ọkọ̀ ti ké, bàbá sì yọ bátìrì rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè sùn. Ohun tí ó kó wọn yọ ni pé ọmọ tí ó kéré jù ní òun fẹ́ bì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, wọn kò sì rántí tì í. Bí gbogbo ènìyàn inú ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń yá wọn bí wọ́n bá jáde síta, ẹ má wá ẹjọ́ oúnjẹ kiri.

Aago ìkìlọ̀ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Láti 1 April 2019 ni ìlànà Boat Safety Scheme, ìyẹn ètò ààbò ọkọ̀ ojú omi, ti sọ ọ́ di dandan fún irú ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lójú ẹni tí ó ni ọkọ̀, kí gbogbo yín gbọ́ bí ó ṣe ń dún, pàápàá àwọn ọmọ. Ẹ má fi aṣọ dí àwọn ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lára ilẹ̀kùn àti òrùlé, bí ó ti wù kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ wọlé tó. Iná gáàsì wà fún oúnjẹ sísè, kì í ṣe fún mímú inú ọkọ̀ gbóná. Ní ti sítóòfù ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín, ẹ tì ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbé garawa eérú rẹ̀ sí etí bèbè, jìnnà sí ọkọ̀, nítorí pé ẹyin iná ṣì wà nínú eérú náà. Bí ìwé ìlànà ọkọ̀ bá sọ ohun tí ó yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Èmi kò tíì rí ọkọ̀ náà.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin Canal & River Trust, àjọ tí ń bójú tó àwọn kánáàlì, kò fẹ́ kí ẹ̀rọ ọkọ̀ tí ó dúró máa ṣiṣẹ́ láàárín agogo mẹ́jọ alẹ́ sí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ti gbóná kí ó tó di àsìkò yẹn, nítorí pé òru ni ìmọ̀ràn burúkú máa ń dùn létí.

Ní ti kánáàlì, ẹni tí ó ti Èkó wá lè rò pé gọ́tà ńlá ni. Ti ibí jẹ́ odò tí wọ́n gbẹ́ fún kíkó èédú àti ẹrù ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Wọn kì í ti gbogbo rẹ̀ pa. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, wọ́n máa ń yan lọ́ọ̀kì kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, wọ́n á gbẹ omi inú rẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ àwọn ilẹ̀kùn onígi tí ó ti jẹrà. Wọ́n ń kéde àwọn ibi náà ṣáájú. Ẹ wò ó kí ẹ tó san owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Birmingham, ẹ lo Worcester and Birmingham Canal láti orí òkè Tardebigge dé Gas Street Basin ní àárín ìlú. Ó tó nǹkan bíi máìlì 14, kò sì sí lọ́ọ̀kì kankan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó gba inú ihò abẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Wast Hills tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà méjì ààbọ̀. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Worcester. Lọ́ọ̀kì 30 ni ó tò tẹ̀lé ara wọn ní Tardebigge nìkan, odò Severn tí ó wà ní ìparí ọ̀nà náà sì máa ń kún àkúnya lásìkò òtútù. Kò sí ohun tí ó kan ọkọ̀ tí ẹ yá pẹ̀lú odò tí ó kún.

Máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan ni eré tí ó pọ̀ jù tí a gbà láyè, ilẹ̀ sì máa ń ṣú ní nǹkan bí agogo márùn-ún kọjá ní àárín oṣù Kejì, nítorí náà ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní agogo mẹ́rin. Bí ojú omi bá dì, ẹ má fi ọkọ̀ fọ́ yìnyín. Etí rẹ̀ a máa gé ara ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ dúró, kí ẹ pe ẹni tí ó ni ọkọ̀. Irú òtútù ti 1962 sí 1963, tí ó dì kánáàlì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òwò àwọn tí ń fi ọkọ̀ kó ẹrù run, ṣọ̀wọ́n. Kí àwọn ọmọ wọ ẹ̀wù ìgbàlà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà níta, bí omi náà kò tilẹ̀ sábà ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, nítorí pé òtútù omi lè gba èémí lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Fún Màmá, ẹ ra rọ́bà omi gbígbóná méjì àti ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, kí ẹ sì tẹ́ ibùsùn wọn sí ìhà tí sítóòfù wà. Bí aago bá ké, gbogbo yín ẹ jáde pẹ̀lú aṣọ tí ó wà lára yín, ẹ má dúró kó ẹrù, ẹ pe 999 láti etí bèbè. Wọn yóò béèrè ibi tí ẹ wà, kánáàlì kò sì ní nọ́ńbà ilé, ṣùgbọ́n àwọn afárá orí rẹ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn lára. Lálaalẹ́ tí ẹ bá ti so ọkọ̀, ẹ kọ orúkọ kánáàlì àti nọ́ńbà afárá tí ó súnmọ́ yín sí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní ibi tí ọmọ yín àgbà ti lè kà á.