Mo kọ́ ọ níṣẹ́, ó wá di ọ̀gá lé mi lórí

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 31 ni mí, káṣíà ni mí ní súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan n'Íbàdàn, ọdún 6 rèé. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n mú àbúrò ìyàwó máníjà wá, kò mọ POS í tẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ, kò pé oṣù 4 ó ti di súpáfáísọ̀. Tí owó tiẹ̀ bá dín, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ni, ti èmi bá fi ₦3,000 dín báyìí, inú owó oṣù mi ni wọ́n á ti yọ ọ́. Ó ti sú mi. Mi ò tiẹ̀ kí ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì mọ́, mo kàn ń lọ ṣáá ni. Ṣé kí n ju kọ́kọ́rọ́ wọn sílẹ̀ fún wọn kí n máa lọlé?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o mú un mọ́ra, ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n owó tó o ní o ò kà lẹ́ẹ̀mejì mọ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí ọjọ́ tí ₦20,000 bá dín nínú àpótí ẹ, olè ni wọ́n máa pè ẹ́, ta ló fẹ́ gbọ́ pé inú ló ń bí ẹ? Títí wàá fi kúrò, kà á, kọ ọ́ sílẹ̀, kí súpáfáísọ̀ fọwọ́ sí i (akẹ́kọ̀ọ́ ẹ yẹn náà ni o).

Owó tí wọ́n ń yọ yẹn ńkọ́? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò gbà pé kí ọ̀gá kàn jí kó máa yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí pé nǹkan sọnù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti máa rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ (labour officer). Kó gbogbo páyísílípù ẹ jọ, kó o lọ bá wọn ní ọ́fíìsì Ministry of Labour.

Tó o bá fẹ́ lọ, lọ, àmọ́ ẹni tó ti lé lọ́dún 5 lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì oṣù 1 ló gbọ́dọ̀ fún wọn, nínú ìwé, kí kọ́pì kan wà lọ́wọ́ ẹ. Kó o tó kọ ọ́, pe àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n ẹ. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí 8% owó oṣù ẹ wá látọ̀dọ̀ ìwọ, kí 10% wá látọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń yọ ọ́ tí wọn kì í sì san án. Tó ò bá rí iṣẹ́ míì fún oṣù 4, o lè gbà tó 25% nínú owó pẹ́ńṣọ̀n tó wà níbẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá san án ṣá.

Tí POS bá tún wá hang mọ́ bọ̀dá súpáfáísọ̀ lọ́wọ́, jẹ́ kó pe ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.