Ta ni ń ta àyè ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìkòròdú ni mo ń gbé, mo sì ti gboyè àkọ́kọ́ nínú bàọ́lọ́jì. Ajẹ́ńtì kan ní Sábó ní kí n mú 850,000 náírà wá kí òun fi bá mi gba àyè ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé (PhD) nípa sẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì. Ṣé owó náà kò pọ̀ jù? Ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Másítà?

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ dúnàá-dúrà, nítorí ọjà tí ó ń pè yín sí kò sí lórí àtẹ. Ẹnìkẹrin tí yóò bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún yìí nìyí, ó sì ti ń bí mi nínú.

Ẹ rò pé bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tí ó ṣe JAMB wọlé ni wọ́n ṣe ń gba ẹni tí yóò di ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì sún mọ́ ìkọ́ṣẹ́ ju jíjókòó ní kíláàsì lọ, àfi pé níhìn-ín, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni nípa sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì tún máa ń fún un ní owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lọ́dún àkọ́kọ́, yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní láàbù méjì tàbí mẹ́ta kí òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó yan ara wọn. Ní Jámánì, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọwọ́ bọ̀. Ta wá ni ajẹ́ńtì yín fẹ́ san 850,000 fún?

Ọmọ kan gbé lẹ́tà ìgbaniwọlé wá fún mi wò lọ́dún tí ó kọjá. Òǹtẹ̀ pupa méjì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì Gmail ni ó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Mo bi í pé àwọn olùkọ́ wo ni ó kọ̀wé jẹ́rìí rẹ̀, ó ní ajẹ́ńtì ti bá òun ṣe ìyẹn. Mo mọ̀ pé owó ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi ìlíǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá kì í sábà rí ohun tí wọ́n kọ, áḿbọ̀sìbọ́sí alágbàtà. Owó kan tí wọ́n sábà ń gbà ní Amẹ́ríkà ni ti fọ́ọ̀mù, bíi dọ́là 75 sí 100, ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti Másítà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà kò bèèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ISTA, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Austria. Jámánì sábà ń bèèrè. Ẹ tún wo WACCBIP, ibùdó ìwádìí kan ní yunifásítì Legon, ní Gánà, tí ó ń ṣèwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì àwọn kòkòrò àrùn, àti ibùdó ìwádìí jíìnì ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ACEGID. Ìlànà ń yí padà, nítorí náà ìkéde ọdún tí ẹ bá fẹ́ wọlé ni kí ẹ gbára lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tí ẹ fi gboyè, bẹ́ẹ̀ òun ni wọn yóò bi yín léèrè jù bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi: kí ni ẹ wá, báwo ni ẹ ṣe wá a, kí ni ẹ sì rí? N kò ní gba kọ́bọ̀.